Ibi Tí Ológun Yóò Fẹ̀yìn Tì

Kò sí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ní àárín ìgboro Ìbàdàn tí yóò kọjá lójúde agbo ilé, tí yóò rí bàbá arúgbó lórí pèpéle, tí kò ní kí i pé, “Ẹ kú ìjókòó o, bàbá.” Bàbá náà yóò dáhùn. Bí ojú rẹ̀ kò bá ríran dáadáa mọ́, yóò bi í pé ọmọ ta ni. Bí ó bá sì mọ ilé baba rẹ̀, yóò fi oríkì ìdílé rẹ̀ kí i padà. Láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba, láti ẹsẹ̀ òkè Màpó títí dé Bẹyẹrúnká, báyìí ni àwọn arúgbó ṣe ń lo ọ̀sán wọn láti ìgbà pípẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé ìjókòó lásán ni. Iṣẹ́ ni. Bàbá tó wà lójúde ni ó mọ ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde, òun ni ó ń la ìjà àwọn ọmọdé, òun ni àlejò ń bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà sì ni wọ́n máa ń pè wọlé bí aáwọ̀ bá bẹ́ sílẹ̀ láàárín tọkọtaya.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ìjókòó yìí jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí yóò wá sọ́kàn ẹnikẹ́ni tó bá ń gbèrò ilé ìtọ́jú fún àwọn ológun tó ti dàgbà. Lọ́pọ̀ ìgbà, iye bẹ́ẹ̀dì ni irú ètò bẹ́ẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò kan ẹ̀rọ amúnáwá, yóò kan omi ẹ̀rọ, yóò sì wá kan ògiri gíga tí wọn yóò fi yí gbogbo rẹ̀ ká. Gbogbo ìyẹn dára, àfi ògiri náà. Ìbéèrè tó ṣòro jù ni èyí: nígbà tí sójà àtijọ́ bá dé ibẹ̀ tán, ta ni yóò máa kọjá, tí yóò kí i pé ó kú ìjókòó?

Ọ̀ràn náà kì í ṣe ti ọ̀la. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 18 nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1967 ti ń súnmọ́ ọgọ́rin ọdún báyìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jà á títí di oṣù kìíní ọdún 1970 sì ti ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tí wọ́n kó lọ sí Làìbéríà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ECOMOG ní 1990, tí wọ́n jẹ́ géńdé nígbà náà, ti ń wọ agbo àgbà. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tó lọ sí Sierra Leone, àti lẹ́yìn tiwọn, àwọn tí ogun Boko Haram, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009, ti sọ di aláàbọ̀ ara kí ewú tó hù lórí wọn. Ti àwọn tó lọ sí Bọ́mà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìtàn.

Bí ìlú kan bá wà ní ilẹ̀ Yorùbá tó yẹ kó mọ bí wọ́n ṣe ń gba ológun sílé, Ìbàdàn ni. Bùdó ogun ni í ṣe nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti àwọn mìíràn tẹ̀dó síbẹ̀ ní nǹkan bí 1829. Orúkọ ogun ni ìlú náà ṣì fi ń jẹ oyè títí dòní. Jagun ni ẹni tó bá fẹ́ gun àkàbà dé orí oyè Olúbàdàn yóò kọ́kọ́ jẹ, lẹ́yìn náà ni yóò máa gba orí Bádà, Ajíyà, Aṣípa àti àwọn oyè mìíràn kọjá, títí yóò fi dé Ọ̀tún tàbí Balógun. Ìba Olúyọ̀lé ni Ọjà'ba ń jẹ́ orúkọ mọ́. Òkè Ààrẹ ń rán ará ìlú létí Ààrẹ Látòósà, Bẹẹrẹ sì ni agbo ilé Baṣọ̀run Ògúnmọ́lá wà. Ìlú tí ọmọ ọmọ ti ń tipa ogun tí baba ńlá rẹ̀ jà jẹ oyè kò ní àwíjàre kankan bí ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sójú ogun bá ń dá sùn pẹ̀lú ebi ní yàrá kan lẹ́yìn ọjà.

Ilé àwọn ológun àtijọ́ wọ̀nyẹn kì í ṣe ilé ọkùnrin kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ nìkan. Ó ń gba ìyàwó, ìbátan, ìwọ̀fà, ẹrú, àlejò tí ogun lé kúrò nílùú rẹ̀, àti àwọn ọmọ ogun tó wá fi ara wọn sábẹ́ olórí ogun kan. Olórí ogun náà ni ó ń bọ́ wọn. Kì í ṣe pé ìgbà náà dùn bí oyin: lọ́wọ́ ẹrú ni ọ̀pọ̀ oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ ti ń wá, kò sì yẹ kí òpìtàn rere kankan fi ìyẹn pa mọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan dá ọmọ ogun lójú. Nígbà tí ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, wá tú ká pátápátá ní 1893, tí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn sì kúrò ní bùdó wọn ní Ìgbájọ, ọ̀pọ̀ wọn ni ó ti lo ìgbà èwe wọn tán síbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sí bùdó ti tó lọ oko fúnra rẹ̀. Ààrẹ Látòósà kò bá wọn padà. Ó ti kú sí bùdó ní 1885. Ẹni tó padà, ì báà fi apá tàbí ojú kan sílẹ̀ níbẹ̀, mọ ẹnu ọ̀nà tí òun yóò gbà wọlé.

Bí agbo ilé náà ṣe rí ni ó yẹ kí ayàwòrán ilé kọ́kọ́ lọ wò, kó tó mú pẹ́ńsù. Ẹnu ọ̀nà ńlá kan ni ó ní, ojúde sì wà níwájú rẹ̀. Ẹni tó bá wọlé yóò bá àgbàlá láàárín. Ní ilé ńlá, ó máa ń ju ọ̀kan lọ. Yàrá yí àgbàlá náà ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan sì so wọ́n pọ̀ lábẹ́ òrùlé kan náà, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá jáde ní yàrá rẹ̀ kò tíì dé ìta, kò sì sí nínú yàrá mọ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ni ayé arúgbó wà. Níbẹ̀ ni ó ti ń jẹun, tó ń ta ayò, tó ń bá wọn gbé ọmọ ọwọ́, tó sì ń tòògbé lọ́sàn-án. Bí ó bá ń wá ẹni bá sọ̀rọ̀, yóò sún àga síwájú. Bí ariwo bá sú u, yóò sún un sẹ́yìn. Bí ó bá ṣubú, ojú mẹ́wàá ni yóò rí i. Bí kò bá jáde ní àárọ̀, wọn kì í retí di ọ̀sán kí wọ́n tó kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ogun àgbáyé kejì gbé àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà méjì, ìyẹn 81 àti 82, ni ó bá àwọn ará Japan jà nínú igbó Bọ́mà. Bárékè Letmauk tó wà ní Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn, orúkọ ìlú kan ní Bọ́mà ni wọ́n fi sọ ọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ ni kò mọ̀. Fún àwọn tó fara gbọgbẹ́ àti àwọn tó ń bọ̀ wálé, ìjọba amúnisìn ṣètò ibùdó sí Èkó ní 1945: ti Igbóbì, tó di ilé ìwòsàn eegun, àti ti Òṣòdì, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ológun níṣẹ́ ọwọ́ kó tó padà di ará ìlú. Méjèèjì ṣì ń ṣiṣẹ́ títí dòní. Ṣùgbọ́n ibi àtúnṣe ni wọ́n, wọn kì í ṣe ibi ìsinmi. Èrò àwọn tó dá wọn sílẹ̀ ni pé bí eegun bá ti so, tí ọwọ́ sì ti mọ iṣẹ́, kálukú yóò gba ilé rẹ̀ lọ. Èrò náà kò ṣìnà nígbà náà, nítorí pé ilé wà.

Nínú àwọn tó lọ sí Bọ́mà ni Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, tó wọṣẹ́ ológun ní ọmọ ọdún 16. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, ní etí odò Kaladan, àwọn ọmọ ogun Japan yọ sí ẹgbẹ́ wọn lójijì. Ìbọn fọ́ itan rẹ̀, ó sì bà á ní ikùn. Àwọn tó lè rìn lọ. Òun àti ọmọ Sierra Leone kan, David Kargbo, ni ó kù sínú igbó. Àgbẹ̀ ará abúlé kan tó ń jẹ́ Shuyiman ni ó ń gbé oúnjẹ wá fún wọn ní ìkọ̀kọ̀, nígbà tó sì yá, ó gbé wọn wọ ilé tirẹ̀, níbi tí òun pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ ń gbé, bẹ́ẹ̀ ni bí àwọn ará Japan bá rí wọn níbẹ̀, ikú ni fún gbogbo wọn. Oṣù kejìlá ọdún náà ni wọ́n tó rí ìgbàlà. Fadoyebo padà sílé, ó ń tiro títí di ọjọ́ ikú rẹ̀ ní 2012, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn náà sínú ìwé. Ní 2011, oníròyìn Barnaby Phillips gbé lẹ́tà ọpẹ́ rẹ̀ lọ sí Bọ́mà. Shuyiman ti kú, ṣùgbọ́n wọ́n rí ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ilé tí arúgbó kan ń fi ọpẹ́ ránṣẹ́ sí lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 67 yìí kò ní bẹ́ẹ̀dì ìwòsàn kankan. Ilé tí wọ́n ti ń gbé ni, wọ́n sì sún fún un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí. Bí ẹnikẹ́ni bá dá ọ̀rọ̀ ilé ìtọ́jú arúgbó sílẹ̀ láàárín Yorùbá, èsì kan ti wà nílẹ̀ dè é: àṣà òyìnbó ni, bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Òwe náà kò purọ́, ṣùgbọ́n ó ní ohun tó gbára lé. Ó gbára lé e pé ọmọ òkété ṣì wà nínú ihò kan náà. Ọmọ agbo ilé Bẹẹrẹ ti kó lọ sí Bódìjà, sí Akóbọ̀, sí Èkó, sí Àbújá, sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Yàrá tó ṣófo, wọ́n fi háyà fún àlejò tí kò mọ bàbá rí. Tàbí kí wọ́n tì í pa, kí páànù rẹ̀ máa jò títí ògiri yóò fi wó. Àwọn ọmọ ń fi owó ránṣẹ́, lóòótọ́, owó náà sì ń ra oògùn. Owó kò lè mú arúgbó ẹlẹ́sẹ̀ kan dé ilé ìwẹ̀ lóru. Ẹni tó bá ń fi òwe òkété pa ẹnu àwọn tó fẹ́ kọ́lé mọ́, kó kọ́kọ́ lọ ka iye ọmọ òkété tó kù nílé.

Àwọn onímọ̀ ti ṣe ìwádìí lórí irú ọ̀rọ̀ yìí ní Ìbàdàn gan-an. Èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2003 kó arúgbó 2,152 jọ, àwọn tó ti pé ọdún 65 sókè, láti ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ èdè Yorùbá. Lára ohun tí wọ́n rí ni pé bí arúgbó bá ṣì ń kópa nínú ọ̀rọ̀ ẹbí àti ti àdúgbò rẹ̀, ìyẹn wà lára ohun tó lágbára jù tó ń mú kí ayé rẹ̀ dùn. Àwọn àgbà ojúde ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n ó dára kí ó wà lákọsílẹ̀, nítorí àwọn tó ń pín owó ìjọba kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ pèpéle.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ilé ìtọ́jú ṣe lè wà kí ó má sì jẹ́ ilé, kó wo Oji River ní ìpínlẹ̀ Enugu. Ibẹ̀ ni ibùdó àwọn ọmọ ogun Biafra tí ìbọn sọ di arọ wà lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí àwọn arìnrìn-àjò fi mọ̀ wọ́n ni pé wọ́n ń jókòó sórí kẹ̀kẹ́ arọ lẹ́bàá títì, tí wọ́n ń tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀. Wọ́n ní òrùlé lórí. Ohun tí wọn kò ní ni ẹni tí yóò kọjá, tí yóò kí wọn láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ àpò. Ibi tí wọ́n jókòó sí náà, ojú ọ̀nà ni, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà àwọn àjèjì tó ń sáré kọjá, kì í ṣe ojúde ilé baba ẹnì kankan.

Àwọn òyìnbó tí wọ́n ń fi ilé ìtọ́jú bú náà kò ṣàdédé mọ̀ ọ́n ṣe. Ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, Ọba Charles Kejì ni ó dá ilé àwọn ológun àtijọ́ ti Chelsea sílẹ̀ ní 1682, tí àwọn àkọ́kọ́ sì wọ inú rẹ̀ ní 1692. Ẹni tó bá wọlé yóò fi owó ìfẹ̀yìntì ológun rẹ̀ sílẹ̀ fún ilé náà, wọn yóò sì máa fún un ní ibùsùn, oúnjẹ, ìtọ́jú, àti ẹ̀wù pupa tí gbogbo ìlú fi mọ̀ ọ́n. Yàrá onígi tí wọ́n kọ́kọ́ fún kálukú kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lóròó àti mẹ́fà ní ìbú, ó sì dojú kọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan. Nígbà tó di àárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, wọ́n sọ ọ́ di mẹ́sàn-án. 2015 ni àtúnṣe tó fún kálukú ní bálùwẹ̀ tirẹ̀ parí. 2009 ni wọ́n tó gba obìnrin wọlé.

Ènìyàn lè ka gbogbo ìtàn ilé yẹn nínú ìwọ̀n yàrá yìí nìkan. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà tó ẹni tó fẹ́ sùn. Kò tó ẹni tó fẹ́ gba àlejò. Bẹ́ẹ̀, ní ojú Yorùbá, gbígba àlejò ni ẹ̀rí pé ènìyàn ní ilé. Bàbá tí ọmọ àbúrò rẹ̀ wá kí, tí kò ní àga tí yóò fi lọ̀ ọ́, tí kò ní omi tí yóò bù fún un, tí kò sì lè na ọwọ́ mú obì kan fún un kó tó máa lọ, àlejò ni òun fúnra rẹ̀ níbẹ̀, ì báà ti pé ọdún mẹ́wàá tó ti ń sun bẹ́ẹ̀dì náà. Nítorí náà, bí ayàwòrán bá fẹ́ mọ ìwọ̀n yàrá, kó má ṣe wọn bẹ́ẹ̀dì. Kó wọn bẹ́ẹ̀dì, kẹ̀kẹ́ arọ tó lè yí po, àti àga méjì tó dojú kọ ara wọn.

Ní ìlú Tupelo, ìpínlẹ̀ Mississippi ní Amẹ́ríkà, irú ilé mìíràn bẹ̀rẹ̀ ní 2003 láti inú èrò dókítà kan tó ń jẹ́ Bill Thomas: nǹkan bí arúgbó mẹ́wàá péré nínú ilé kan, kálukú pẹ̀lú yàrá àti bálùwẹ̀ rẹ̀, tí ilẹ̀kùn gbogbo wọn sì ṣí sí pálọ̀ kan náà, níbi tí ibi ìdáná àti tábìlì gígùn kan wà. Wọ́n ti kọ́ irú rẹ̀ fún àwọn ológun àtijọ́ ní ibi mélòó kan ní ilẹ̀ náà. Ẹni tí wọ́n bí sí agbo ilé yóò rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ó bá rí àwòrán rẹ̀, nítorí àgbàlá tí wọ́n fi òrùlé bò ni. Ṣùgbọ́n kí ó má rẹ́rìn-ín jù. Àwọn yẹn mú ohun tó dára nínú rẹ̀, wọ́n sì fi omi ẹ̀rọ àti iná sí i. Àwọn tó ni ín ń wò ó, ó ń wó.

Kì í ṣe gbogbo ohun àtijọ́ ni ó sì yẹ kí wọ́n gbé wọ inú ilé tuntun. Yàrá agbo ilé àtijọ́ ṣókùnkùn, ìlẹ̀kùn rẹ̀ kò ga, àtẹ̀wọlé rẹ̀ sì lè gbé ẹni tó ń lo ọ̀pá ṣubú. Ṣáláńgá jìnnà sí ibùsùn. Òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni Ìbàdàn, ọ̀nà tóóró tó gba àárín ilé Màpó sọ̀kalẹ̀ kò sì ro ti kẹ̀kẹ́ arọ rárá nígbà tí wọ́n là á. Nítorí náà, ilẹ̀ tó tẹ́jú, tí kì í yọ̀, ọwọ́ ìdìmú lára ògiri, àti bálùwẹ̀ tí kò ju ìṣísẹ̀ mélòó kan sí bẹ́ẹ̀dì, àwọn wọ̀nyí kò ṣeé fi dùn-ún-dùn-ún ọ̀rọ̀ àṣà rọ́pò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ̀sìn. Púpọ̀ nínú àwọn àgbà ìgboro jẹ́ Mùsùlùmí. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ̀ mọ́ nílò omi ẹ̀rọ tó ga dé ọwọ́ ẹni tó jókòó kó lè ṣe àlùwàlá, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ́ ilé ìgbẹ́ kó dojú kọ Kíbúlà nítorí pé kò bèèrè. Bí ilé náà bá wà láàárín ìgboro, ìpè àdúrà láti mọ́sáláṣí gbogbogbòò ní Ọjà'ba yóò dé etí rẹ̀, ẹni tó bá sì jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì kò jìnnà sí ìjọ Pétérù Mímọ́ ní Arẹ̀mọ.

Ohun kan wà tó jẹ́ ti ológun nìkan. Ara rẹ̀ ti kúrò lójú ogun, etí rẹ̀ kò tíì kúrò. Ìbàdàn kò sì jẹ́ ìlú ìdákẹ́jẹ́ẹ́: báńgà ń dún lóṣù kejìlá, ìbọn ń dún níbi ìsìnkú ọdẹ, ọjọ́ ọdún Òkèbàdàn sì ni ọjọ́ ariwo. Wọn kò lè pa ìlú lẹ́nu mọ́ nítorí rẹ̀. Ohun tí wọ́n lè ṣe ni kí yàrá wà ní ẹ̀yìn àgbàlá, kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ máa gba ariwo níwájú, kí bẹ́ẹ̀dì wà níbi tí ẹni tó dùbúlẹ̀ yóò ti rí ilẹ̀kùn, kí ògiri sì wà lẹ́yìn àga rẹ̀. Kí nọ́ọ̀sì mọ̀ pé wọn kì í fọwọ́ kan sójà tó ń sùn láti jí i. Láti ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń pè é, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì ń pè.

Ọ̀rọ̀ ipò tún wà níbẹ̀, tí ayàwòrán kò lè fi ìlà yanjú. Ní bárékè, ẹni tí okùn èjìká rẹ̀ pọ̀ ni ọ̀gá, kódà bí ó bá jẹ́ ọmọdé sí ẹni tó ń kí i. Ní agbo ilé, ọjọ́ orí àti ọjọ́ tí ènìyàn wọlé ni wọ́n fi ń mọ àgbà. Bí ilé náà bá fi tẹ́lẹ̀ gba ipò ogun láyè, sájẹ́ǹtì ẹni ọdún 85 yóò máa dìde fún mẹ́jọ̀ ẹni ọdún 65 títí tí yóò fi kú, bárékè ni wọ́n sì tún kọ́ yẹn. Ó sàn kí wọ́n ní mọ́gàjí láàárín ara wọn, ẹni tí yóò máa gbọ́ ẹjọ́ tí yóò sì máa bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ lórúkọ ilé. Àmì ẹ̀yẹ lè wà lára ògiri yàrá. Kò yẹ kó wà nídìí àwo oúnjẹ. Obìnrin náà gbọ́dọ̀ wà nínú ilé náà, ẹni tó ṣiṣẹ́ ológun fúnra rẹ̀, ìyàwó tó fẹ́ bá ọkọ rẹ̀ gbé, àti opó ológun. Chelsea lo ọdún tó ju ọ̀ọ́dúnrún lọ kó tó gba obìnrin. Kò sí agbo ilé Yorùbá kan tó lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìsí wọn.

Ikú ni ọ̀pọ̀ irú ètò yìí kì í fẹ́ dárúkọ, bẹ́ẹ̀ òun ni àwọn arúgbó ń bèèrè. Ibo ni wọn yóò sin ín sí? Ẹni tí wọ́n bí sí agbo ilé ń retí pé ilé baba òun ni òun yóò sùn sí, tàbí itẹ́ Mùsùlùmí tó wà nítòsí, lọ́jọ́ tó kú náà. Bí ilé ìtọ́jú bá wà lẹ́yìn odi, ní ibi tí ọkọ̀ ń gbà wákàtí kan dé, mọ́ṣúárì ni yóò kọ́kọ́ gba òkú rẹ̀, tí ẹbí yóò sì máa sáré wá ìwé. Bí ó bá wà ní Bẹẹrẹ, àwọn tó ń kí i lójúde ni yóò gbé e. Àwọn ẹgbẹ́ Légíọ̀n lè wá pẹ̀lú fèrè àti àsíá, wọn kò ní ṣìnà ilé.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ètò irú èyí lọ sí ilẹ̀ òfìfo ní ẹ̀yìn ìlú, bí ó ti wù kí ilẹ̀ náà pọ̀ tó. Agbo ilé tó ń wó wà láàárín ìgboro, ẹbí tó ni wọ́n kò sì fẹ́ tà, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìjọba tàbí ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kọ́lé lè bá mọ́gàjí àti ẹbí ṣe àdéhùn ọdún gígùn, kí wọ́n tún ilé náà kọ́ lórí ìpìlẹ̀ àgbàlá rẹ̀, kí apá kan sì jẹ́ ti ẹbí láti máa gbé. Ọmọdé ẹbí náà ni yóò jẹ́ ọmọdé ilé. Fún àìsàn tó bá le, ibùdó ìtọ́jú àwọn arúgbó tí wọ́n ṣí ní ilé ìwòsàn UCH ní 2012 kò jìnnà sí Bẹẹrẹ. Òfin àwọn àgbà tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní ìbẹ̀rẹ̀ 2018 ti fún irú iṣẹ́ yìí ní ẹsẹ̀ lé. Ní ti owó, kí wọ́n má gbé e karí owó ìfẹ̀yìntì nìkan bí ti Chelsea, nítorí gbogbo ìlú rí àwọn ológun àtijọ́ tó kóra jọ ní Àbújá ní 2022 láti béèrè ẹ̀tọ́ tí wọn kò tíì san fún wọn. Ilé tó bá ń dúró de owó yẹn kó tó se ọbẹ̀, ebi yóò pa á.

Bí wọ́n bá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe yàrá ni kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́. Pèpéle ojúde ni kí wọ́n kọ́kọ́ mọ, kó gùn, kó ní ibòji, kó kọjú sí ọ̀nà, kí àwọn ará àdúgbò sì ti máa jókòó ta ayò níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan kí àwọn onílé tó dé.